Àwọn Ìṣáwùrú Tí Wọ́n Ní Iyọ̀ Máa Pa

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn bí ìṣáwùrú mẹ́fà ṣe sọ mí di olóríkunkun ní Dópẹ̀mú, láyé SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n.

Ilé iṣẹ́ òwú ìránṣọ kan ní Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí gbogbo nǹkan wọ́n bí ojú, wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, máníjà wa tó jẹ́ òyìnbó sì kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé. Ó fún mi ní àpótí gíláàsì tó fi ń sin ẹja òkun mẹ́ta ní ọ́fíìsì, torí èmi ni mò ń bá a tọ́jú wọn. Mo ṣèlérí pé wọn ò ní kú lọ́wọ́ mi.

Omi òkun gidi ni wọ́n ń gbé. Mò ń gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sétí òkun láti pọn ọ́n. Ẹ ṣáà máa rẹ́rìn-ín! Ìṣòro mi ni nǹkan aláwọ̀ ewé kan tó ń yọ̀, tó máa ń bo gíláàsì náà. Apẹja kan létí òkun fi ìṣáwùrú hàn mí lára òkúta, ó ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lá jẹ. Mo kó mẹ́fà. Mo tún rí òkòtó kan tó wà láàyè, tó rẹwà, tí ìdí rẹ̀ rí ṣóńṣó, mo mú un mọ́ wọn.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àpótí náà wà, torí yàrá mi kéré, ibẹ̀ ni Alhaja onílé wa ti rí àwọn ìṣáwùrú náà lọ́wọ́ mi. Ta ni ò mọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe fún ìgbín? Wọ́n ní ìkà ni mo fẹ́ ṣe yẹn. Mo ní inú omi iyọ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Alhaja ní bí àwọn ìṣáwùrú náà bá kú rùn sínú ilé àwọn, àpótí náà ń jáde, tẹja tẹja.

Kí ni mo ṣe? Mo fi wọ́n síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, mo wáṣẹ́ lọ sí Aláúsá. Ìgbà tí mo dé, inú abọ́ omi kànga ni mo bá àwọn ìṣáwùrú mi àti òkòtó náà. Àánú ti ṣe Alhaja, wọ́n ti kó wọn jáde, wọ́n ti fọ iyọ̀ kúrò lára wọn. Gbogbo wọn ti ti ara wọn mọ́nú karawun gbọn-in.

Alhaja mi orí. “Ìyá Bísí, ṣé o rí i? Iyọ̀ ti pa wọ́n. Gbé nǹkan yìí síta.”

Inú bí mi gan-an. Mo kúnlẹ̀, torí àgbà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ nìkan ni wọ́n rí gbà. “Ẹ má bínú, Alhaja, mi ò gbé e. Ẹ jókòó, ká jọ wò ó.”

Mo dá wọn padà sínú omi iyọ̀ lójú Alhaja, mo sì fa àga fún Alhaja. Ó pẹ́ díẹ̀, ọ̀kan yọrí. Òmíràn tẹ̀lé e. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì ìrọ̀lẹ́, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti ń gun gíláàsì. Alhaja ṣáà ń fi ìka tọ̀ wọ́n lẹ́yìn lára gíláàsì.

Ṣé kí n parí ẹ̀ síbẹ̀, kẹ́ ẹ lè pè mí ní ọlọ́gbọ́n? Rárá. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí Alhaja fi pè mí pé kí n wá wo òkòtó mi. Ó ti gun orí ìṣáwùrú kan, ó ti lu ihò sí karawun rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́. Èmi tí mò ń pariwo pé mo mọ ẹni tó yẹ kó gbé ibẹ̀, ẹwà lásán ni mo wò. Mo dá a padà sókun. Alhaja ní àwọn ò ti wí? Mo ní wọ́n wí, ṣùgbọ́n iyọ̀ ni wọ́n ní ó máa pa wọ́n, wọn ò dárúkọ ẹnu òkòtó. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Nígbà yẹn, àwọn èèyàn mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń ránṣẹ́ pé kí n máa bọ̀ nílé, pé Èkó máa pa mí. Ẹ̀gbọ́n mi wá mú mi. Ó kọ́kọ́ dúró ti àpótí náà, ó ní iyọ̀ máa pa àwọn nǹkan yìí. Kí n tó lanu, Alhaja ti dá a lóhùn: “Ta ló sọ fún ẹ? Fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n mọ ibi tí wọ́n ń gbé.”

Òun nìkan ló padà sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Ibi tí wọ́n bá ní kí gbégbé má gbé, ibẹ̀ ló ń gbé. Kẹ́ ẹ tó sọ pé ibì kan ò gba ẹnì kan, ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ wo ohun tó ń jẹ. Ẹ̀yin ńkọ́? Ibo ni wọ́n ti sọ fún yín rí pé ẹ ò lè gbé, tẹ́ ẹ sì gbé ibẹ̀? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, mo fẹ́ kà á.