Àmù Tó Gbẹ

Lọ́dún tí sójà gba ìjọba, ìgbéyàwó wa ò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ìyàwó mi fi da omi àmù wa nù. Àárọ̀ Sátidé ni. Ó fẹ́ fọ ìsàlẹ̀ àmù náà, kò sì sí obìnrin tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo jáde sẹ́yìnkùlé, mo bá àmù náà tó dojú délẹ̀. Mo pariwo mọ́ ìyàwó mi débi pé àwọn ayálégbé ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, omi lásán mà ni," ó ní. "Kànga nìyẹn."

N ò lè dákẹ́. Kó tó di ọ̀sán ó ti palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó kọjá sílé bàbá rẹ̀ ní Ìbẹ̀fún.

Mo sáré lọ bá ìyá mi ní Ayépé, kó lè bá mi bẹ̀ ẹ́ kó padà. Ẹ̀gẹ́ ló ń bẹ nígbà tí mo ro ẹjọ́ náà fún un.

"Àmù ló gbẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ọmú lo ṣì ń mu nígbà tí ilé wa àkọ́kọ́ jóná. Ẹ̀yìn mi lo wà. Mo sáré ki igbá bọ àmù, igbá ń ha ìsàlẹ̀ lásán. Igbe tí o ké lọ́jọ́ náà!"

"N ò rántí nǹkan kan."

"Ṣé o rántí ìgbà tí o kọ́ ìrìn? O sì ń rìn."

Ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ. N ò mọ orúkọ ohun tó ṣe mí níbẹ̀. Àlejò kan ti ń gbé inú mi látọjọ́ yìí, kò sanwó ilé, n ò sì mọ̀ pé ó wà. Ṣùgbọ́n ẹnu tèmi ló fi lé ìyàwó mi lọ.

Ní Ìbẹ̀fún, mo sọ ọ̀rọ̀ iná náà fún ìyàwó mi, ó gbọ́ ọ tán.

"Ṣé kí n máa wá bu omi ìdọ̀tí mu títí ayé, nítorí iná àtijọ́?"

"Rárá o. Èmi ni n ó máa dà á nù."

Sátidé tó tẹ̀lé e, ìyàwó mi ti padà sílé, ó pọn omi kún garawa méjì, ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ẹ rọra. Omi rèé."

Mo dojú àmù délẹ̀. Orúnkún mi ń gbọ̀n. Mò ń wò ó bí ẹni tó ń wo orúnkún ẹlòmíì. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀, ó ń fọ àmù. N ò pariwo.