Ìyá Kámẹ́rà àti Bọ́ọ̀lù Tó Lu Òpó

Ọdún mọ́kànlá ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí gbogbo pápá mọ̀ sí Ìyá Kámẹ́rà, ti fi ń ya fídíò fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé-iṣẹ́ wa. Kò gbá bọ́ọ̀lù rí, ṣùgbọ́n ó mọ àwọn kóòṣì bí ẹni mowó.

Nílé tí kóòṣì àgbà ti dàgbà, ọmọ kì í lanu níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá wà. Ní ìlú tí igbákejì rẹ̀ ti wá, ọmọ ọdún márùn-ún ló ń sọ ohun tí ilé máa jẹ. Lójú igbákejì yìí, ojo ni agbábọ́ọ̀lù tó bá wojú ẹnikẹ́ni kó tó gbá bọ́ọ̀lù. Bàbá tó bí wọn làwọn méjèèjì ń wò, wọ́n ní bọ́ọ̀lù làwọn ń wò.

Ẹlẹ́rìn-ín, tó kéré jù nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù wa, ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì fún ọdún mẹ́ta kó tó ráyè wọ pápá nínú ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá. Balógun ẹgbẹ́ nawọ́ pé kó fún òun ní bọ́ọ̀lù. Kò fún un. Ó gbá a fúnra rẹ̀, ó lu òpó.

"Àfojúdi gbáà!" ni kóòṣì àgbà wí. "Ẹ yọ orúkọ ẹ̀ kúrò nínú àṣekágbá!"

"Akin lọmọ yìí o," ni igbákejì wí. Kóòṣì àgbà ti kọ ẹ̀yìn sí i.

Inú bí ẹ̀gbọ́n mi. Kámẹ́rà kejì rẹ̀ wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó ti ya gbogbo rẹ̀, àmọ́ ojú ẹnikẹ́ni kò hàn níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé fídíò yẹn síwájú kóòṣì àgbà ní ọ́fíìsì.

Ọkùnrin náà fò dìde. "Ẹ rí balógun mi! Làákàyè àgbà nìyẹn! Ẹ tún wo ọmọdé tó ń nawọ́ bí ẹni ń dá mọ́tò dúró!"

"Balógun ló ń nawọ́ yẹn, sà. Ẹlẹ́rìn-ín ló gbá a."

Kóòṣì wúkọ́. "Ẹ dá orúkọ ẹ̀ padà. Àmọ́ kó kọ́kọ́ lọ bẹ balógun."

Ẹlẹ́rìn-ín lọ bẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ àṣekágbá, ó ku ìṣẹ́jú méjì, bọ́ọ̀lù bọ́ sí i lẹ́sẹ̀, àwọ̀n ṣófo níwájú rẹ̀. Ó dúró, ó ń wá balógun kiri. Balógun wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ó ń so okùn bàtà. Àwọn alátakò wa gba bọ́ọ̀lù náà, wọ́n sáré lọ fi jẹ góòlù sáwọ̀n wa. Ó dùn mí wọra.

Kóòṣì àgbà figbe ta: "Ta ló kọ́ ọ kó máa wojú ẹlòmíì kó tó gbá bọ́ọ̀lù?"

Ẹ̀gbọ́n mi yí kámẹ́rà kúrò lórí pápá, ó dojú rẹ̀ kọ kóòṣì, kò sì pa á títí ọkùnrin náà fi dákẹ́.