Ìdánwò Ọbẹ̀ Nínú Pálọ̀ Wa

Bí mo bá máa sọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin tó jókòó sínú pálọ̀ wa lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń jẹun, torí ibi tí mo ti mọ̀ wọ́n jù nìyẹn. Ọkọ mi ni akápò ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, ní Òkìtìpupa níbí, ilé wa sì ni ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ti ń ṣèpàdé. Èmi ni mò ń gbọ́ oúnjẹ wọn. Alága a máa wo inú àwo ẹlòmíì kó tó wo tiẹ̀. Akọ̀wé a máa fi ẹran pamọ́ sábẹ́ púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ wa, àfi bí ẹni pé olè wà lórí tábìlì. Àwọn wọ̀nyí ni ìlú gbé ọ̀rọ̀ ẹni tó máa lọ yunifásítì lé lọ́wọ́.

Kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ni mò ń sọ yìí. Wọ́n ti gbọ́ pé ọmọ Igbotako kan, ìlú tó wà nítòsí wa, ti lọ kàwé gboyè kejì, wọn ò sì rí oorun sùn mọ́. Ìlara ni, kì í ṣe ìfẹ́ ìwé. Ni ẹgbẹ́ bá kéde pé àwọn náà máa rán ọmọ kan lọ, ẹyọ kan péré. Èèyàn mẹ́ta tó ti gboyè àkọ́kọ́ ló wá. Ọ̀kan fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìlera, ọ̀kan fẹ́ kọ́ ìṣirò. Ẹnì kẹta ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń ṣe tíṣà, tó sì ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ìmọ̀ oúnjẹ lòun fẹ́ kọ́, ìyẹn ohun tí oúnjẹ ń ṣe lára èèyàn. Yunifásítì ti gbà á. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ní Àjàgbà, àwọn àbúrò rẹ̀ sì ń bẹ nílé ìwé. Bí ẹgbẹ́ ò bá sanwó fún un, àyè rẹ̀ di ti ẹlòmíì.

Onímọ̀ ìlera ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mò ń gbọ́ wọn.

"Tí o bá parí, ṣé wàá máa gún wa lábẹ́rẹ́?" Alága ló bi í.

"Rárá, bàbá. Ọ̀rọ̀ omi mímu ni, ilé ìgbẹ́, àti àìsàn tó ń ràn."

"Wolé-wolé nìyẹn."

"Ó ju wolé-wolé lọ, bàbá."

"Wolé-wolé tó ju wolé-wolé lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ká fowó ara wa rán ẹni tó máa padà wá bu owó ìtanràn lé wa." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àga ń dún. Ọmọkùnrin náà nu òógùn, ó jókòó.

Ó kan oníṣirò. Wọ́n ní kó fi ohun tó fẹ́ lọ kọ́ hàn wọ́n. Ó kọ nǹkan gbọọrọ kan sórí ìwé, ó gbé e yí wọn ká. Akọ̀wé dojú ìwé náà délẹ̀, ó tún yí i padà.

"Nọ́ńbà ẹ̀ dà?"

"Ẹ̀kọ́ náà ti kọjá nọ́ńbà, sà."

Alága mi orí díẹ̀díẹ̀. "Èyí jinlẹ̀," ló wí. Kò sẹ́ni tó bi ọmọ náà ní ìbéèrè kejì, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kò yé òun. Mo ti rí òmùgọ̀ rí, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí i kí wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lórí àga tí mo fọwọ́ ara mi nù.

Nígbà tó kan ọmọ wa, Alága ò tiẹ̀ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. "Oúnjẹ? Ìyá ẹ ò kọ́ ẹ ni?"

Akọ̀wé dá a lóhùn ṣáájú ọmọ: "Alága, a ti dán àwọn tó kù wò. Ká dán òun náà wò. Kó lọ sebẹ̀."

Mo rò pé á kọ̀. Ó wọlé wá bá mi, ó ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n sè é. Tí ikùn wọn bá kún, bóyá wọ́n á gbọ́ ọ̀rọ̀ mi."

"Àwọn wo? Tí ikùn wọn bá kún, oorun ni wọ́n máa ń sùn."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó se marúgbó, ọbẹ̀ dúdú wa yẹn, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ tó wá láti odò àwọn Ìlàjẹ. Mi ò bá a fọwọ́ kan ìkòkò. Nígbà tá a gbé e síwájú wọn, gbogbo wọn bu òkèlè. Akọ̀wé lá ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Alága fọwọ́, ó gùnfẹ̀, ó ní:

"Ọmọ wa, o káre. Ọbẹ̀ yìí dùn débi pé mi ò rí ohun tí yunifásítì máa fi kún un. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n, kí la tún fẹ́ sanwó kọ́ ọ sí?"

"Ká ní kò dùn ńkọ́, bàbá?"

"Á jẹ́ pé orí ẹ ò gba ẹ̀kọ́ náà nìyẹn."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, tó ń fi igi tayín. Ọmọ náà ò gbé ohùn sókè. "Ẹ̀yin bàbá mi, kì í ṣe ọbẹ̀ sísè ni mo fẹ́ lọ kọ́. Mo fẹ́ mọ ìdí tí ọmọ kékeré á fi máa jẹ púpurú láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ á wú, tí irun ẹ̀ á pọ́n. Mo fẹ́ mọ ohun tá a lè fi kún un nínú èyí tá a ní nílé."

Ọ̀kan nínú wọn, bàbá àgbà kan tó ń ta epo pupa, tẹ orí ba. Ẹ̀yìnkùlé wa nilé rẹ̀, gbogbo wa la sì mọ irun pípọ́n orí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Mo tẹjú mọ́ orí pípá yẹn, bóyá á sọ̀rọ̀.

"Ọ̀rọ̀ obìnrin nìyẹn," Alága wí. "Ẹ nawọ́ sókè fún oníṣirò."

Gbogbo wọn nawọ́. Ọkọ tèmi na tiẹ̀ dé ààbọ̀, bí ẹni tó fẹ́ yún orí. Bàbá elépo na tiẹ̀, epo ọbẹ̀ ọmọ náà ṣì ń dán níbẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, bàbá elépo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, òun àti ìyàwó ọmọ rẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn ìyẹn.

"Ìyàwó wa, ṣé ọmọ yẹn wà nílé?"

"Ẹ gbé e lọ bá oníṣirò yín, bàbá."

"Má bínú, ìyàwó."

Mo bínú. Ṣùgbọ́n ọmọ wa ti gba ọmọ náà. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú ibẹ̀ jìn, kò sì tètè kún padà. Ó ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́sípítù lọ́jọ́ náà gan-an. Ó wá kọjú sí ìyá ọmọ: "Tí wọ́n bá dá a sílẹ̀, ẹ máa se ẹ̀wà rọ̀ dáadáa fún un, kí ẹ rún ẹja sí i. Ẹja tí ẹ̀ ń kó sáwo bàbá, ẹ bù nínú ẹ̀ fọ́mọ." Bàbá ń wo ògiri.

"Kí la máa fún ẹ, ọmọ mi?" ó béèrè nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ.

"Mi ò fẹ́ nǹkan kan, bàbá. Tí ara ọmọ bá yá, ẹ kàn sọ ọ́ nípàdé."

Ó ní òun á sọ ọ́. Ẹsẹ̀ ọmọ náà fà nígbà tó yá, ó ń sáré kiri ẹ̀yìnkùlé wa. Ìpàdé ń lọ, bàbá ń wá, ó ń jẹ ọbẹ̀ aláìlẹ́ja tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sè fún wọn, ó ń nu ẹnu, ó ń lọ sílé. Kò sọ ọ́.

Ọmọ wa ṣe tíṣà ọdún kan sí i, ó ń fi owó oṣù pamọ́, ó sì kọ̀wé sí yunifásítì lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n tún gbà á. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, a kàn rí Alága ní gáréèjì pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀, kò sẹ́ni tó pè é. Ó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ náà níwájú gbogbo èrò ọkọ̀.

"Ọlọ́run á wà pẹ̀lú ọmọ tí ẹgbẹ́ wa rán lọ."

Wọ́n ṣe àmín, bàbá elépo ló pariwo jù. Ọmọ wa yọ orí rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó wọnú ọkọ̀. Alága wá yíjú sí mi, ó ń retí àmín tèmi. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó tún ibi tó ti dárúkọ ẹni tó rán an lọ yẹn sọ, kí n lè gbọ́ ọ dáadáa.

Ó ní ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra.