Amọ̀ Ilé Tó Wó

Nígbà tí ilé amọ̀ tí ìyá bàbá mi kú sí wó ní Ìmẹ̀kọ, bàbá mi ní ká tún amọ̀ rẹ̀ pò, ká fi mọ òmíràn. Inú bí mi gidi. Mo ní, "Bàbá, ayé ti lajú! Ẹ jẹ́ ká ra búlọ́ọ̀kù." Wọ́n bu omi sórí amọ̀ náà.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Ìlaròó pé, nínú ìṣùjọ ìràwọ̀ tiwa, irin pọ̀ lára àwọn ọ̀dọ́ ìràwọ̀ ju ti àwọn arúgbó lọ. Ọ̀kan bi mí pé níbo ni wọ́n ti rí i.

Mo ní, "Lára eruku àwọn tó kú ṣáájú wọn." Ojú tì mí níbi tí mo dúró sí.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo padà sí Ìmẹ̀kọ, mo bọ́ bàtà, mo wọnú amọ̀ náà, mo ń tẹ̀ ẹ́. Bàbá mi wo ẹsẹ̀ mi.

"Rọra. Ìyá mi lò ń tẹ̀ yẹn."