Pátákó Àlàájì Abdulquadri

Kò sẹ́ni tí kò gbọ́ nípa pátákó tí Àlàájì Abdulquadri alápatà gbé síwájú ìsọ̀ wọn ní Ìwó, lọ́jọ́ kìíní ààwẹ̀ ọdún 1994. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò gùn: "Níbí o, a kì í ta ẹran tó kú fúnra rẹ̀."

Irọ́ kọ́. Àmọ́ ìsọ̀ ẹran méjì péré ló wà ládùúgbò náà, ti Àlàájì àti ti Ismaeel tó dojú kọ ọ́. Kí ọ̀sán tó pọ́n, eṣinṣin nìkan ló ń ná ẹran Ismaeel.

Ismaeel lọ dọ̀bálẹ̀ kí wọn. "Àlàájì, ẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́."

"Èmi? Ṣé mo dárúkọ ẹnikẹ́ni ni?"

"Ẹ ò dárúkọ, sà. Ṣùgbọ́n ta ló kù?"

"Ìwọ lo bi ara rẹ."

Ẹ̀dá ni Àlàájì. Lọ́dún tó ṣáájú, ohun tí wọ́n kọ ni, "Àwọn tó mọ ẹran ti wá rà á láàárọ̀." Láti ọjọ́ kejì làwọn ìyàwó ilé ti ń ti ara wọn nídìí ìsọ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àwọn ò mọ ẹran.

Ṣùgbọ́n nígbà tó di àsìkò ìṣínu, Fàtímọ̀ ìyàwó wọn gbé ọbẹ̀ tí kò lẹ́ran síwájú wọn.

"Ẹran ńkọ́?"

"Ìyàwó Ismaeel wá síbí lónìí, ó ń sunkún. Wọn ò rí nǹkan kan tà, wọn ò sì ní ohun tí wọ́n máa fi ṣínu. Mi ò sọ pé ẹ jẹ̀bi o, Àlàájì."

Àlàájì wo ọbẹ̀ náà títí. Wọn ò lè jẹ ẹ́.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n sọdá, wọ́n ra odindi itan màlúù lọ́wọ́ Ismaeel, wọ́n gbé e lérí láìbò ó, wọ́n sì gba àárín ọjà kọjá. Èsì kan náà ni wọ́n ń fún gbogbo ẹni tó béèrè: "Ẹran tí èmi fúnra mi máa fi ṣínu ni."

Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, èrò ti kún ìsọ̀ Ismaeel. Ti Àlàájì làwọn eṣinṣin kó lọ. Àlàájì jókòó síbẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín ara wọn.

Nígbà tí Àlàájì jáde láyé ní 1998, Ismaeel ti ìsọ̀ rẹ̀ títí wọ́n fi ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ. Ọjọ́ tó padà ṣí i, òun náà gbé pátákó síta: "Ẹran tó dáa ti tán ní Ìwó."

Oníbàárà kan kà á, ó wo ẹran tútù tó wà lórí tábìlì. "Ismaeel, tìrẹ yìí wá ńkọ́?"

Ismaeel fi etí aṣọ nu ojú. "Ṣé mo dárúkọ ẹnikẹ́ni ni?"