Ìpè Tí N Kò Jẹ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń dúnàádúrà bàtà rọ́bà lọ́jà ní Ṣàgámù, ni obìnrin kan bá ké lẹ́yìn mi: "Sàláwà! Sàláwà ooo!" Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti dáhùn: "Mà!" Nígbà tí màá fi yíjú padà, ọmọbìnrin tín-ín-rín kan ló ń sáré lọ bá ìyá rẹ̀. Oníbàtà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ṣé Sàláwà lẹ̀yin náà ń jẹ́ ni?" Mo ní rárá, Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè mí. N kò purọ́, àmọ́ n kò sọ òótọ́ tán. Mo fi bàtà sílẹ̀ fún un, mo gun ọ̀kadà, mo ní kó gbé mi lọ sí Ijoku, sí agbolé tí wọ́n bí mi sí.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ jókòó kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Obì la fi ń jẹun ní agbolé wa nígbà náà. Gbànja ni, apẹ̀rẹ̀ apẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá wa á jókòó sábẹ́ àtíbàbà láti òwúrọ̀, wọ́n á máa bó obì, wọ́n á máa ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀, wọ́n á sì fi ewé tútù wé èyí tó dára. Bí ẹ bá bọ́ sí ojúde wa, òórùn èèpo obì tó ti rà ló máa kọ́kọ́ kí yín, kí ènìyàn tó kí yín. Pẹ̀lú ọjọ́ orí tí mo dé yìí, òórùn yẹn ṣì ń dùn mọ́ mi nímú.

Sàláwà méjì ló wà nínú agbolé náà. Èmi jẹ́ ọ̀kan. Èkejì ni àkọ́bí ìyá tó ń gbé yàrá òdìkejì tiwa, ìyá tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Sàláwà. Oṣù kan péré ni mo fi ju ọ̀rẹ́ mi lọ, n kò sì jẹ́ kó gbàgbé rí. "Olórúkọ mi" là ń pe ara wa. Bí ìyá rẹ̀ bá dín àkàrà tán, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ké, "Sàláwà! Sàláwà ooo!" Àwa méjèèjì á jẹ́ "Mà!" lẹ́ẹ̀kan náà, a ó sì máa ti ara wa ṣubú lọ́nà. Á ní, "Sàláwà tèmi ni mo pè o, ta ló pe tìyá ẹ?" Ẹnu lásán ni, torí ọwọ́ rẹ̀ á ti máa ka àkàrà tèmi sínú abọ́. Àmọ́ bó bá jẹ́ iṣẹ́ ló fẹ́ rán wa, oníkálukú á ní èkejì ni wọ́n pè.

Ibà mú olórúkọ mi lọ́jọ́ Ajé. Kí ọjọ́ Jímọ̀ tó pé, àwọn ọkùnrin ti gbé e jáde nínú aṣọ funfun. Wọn kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé wọn, wọn kò sì sọ ibi tí wọ́n sin ín sí fún un, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ká má parọ́, agbolé wa fẹ́ràn obìnrin yẹn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ ni kò fi dáná. Wọ́n ń gbé omi gbígbóná fún un, wọ́n ń bá a bó obì rẹ̀, ẹnìkan kì í sì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti wọlé á ní, "Omi ló dà nù, agbè ò fọ́." Ìyá ìyá mi, tó jẹ́ àgbà gbogbo wọn, kó aṣọ ọmọ náà, ó kó síléètì rẹ̀, ó kó abọ́ rẹ̀, ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí oko. Lẹ́yìn náà ló wá kan orúkọ. "Mẹ́ẹ̀ fẹ́ gbọ́ orúkọ yẹn mọ́ nínú agbolé yìí o," ni ìyá àgbà wí, ní ohùn Rẹ́mọ tí kì í gba àwíjàre. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, Ìyá Sàláwà di Ìyá Gàní, bẹ́ẹ̀ Gàní, àbúrò olórúkọ mi, ò tíì já lẹ́nu ọmú. Èmi náà di Àbẹ̀kẹ́. Àánú ló mú wọn ṣe é.

Ó tó oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, lọ́sàn-án gangan, gbogbo wa wà lábẹ́ àtíbàbà. Ìyá Gàní jáde sẹ́nu ọ̀nà. "Sàláwà! Sàláwà ooo!"

Ọwọ́ gbogbo àwọn obìnrin dúró sórí obì. Ẹnìkan sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Yéè, orí ti dàrú." Ìyá àgbà wò mí. Ẹ mọ irú ojú tí àgbà fi ń kìlọ̀ fún ọmọ. Ìyá Gàní pè lẹ́ẹ̀kejì, ó pè lẹ́ẹ̀kẹta. "Mà" ti dé ọ̀fun mi, mo gbé e mì. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá jẹ́, òkú ni mo bá jẹ́ ẹ. Mo tẹrí ba, mo ń bó obì. Obìnrin náà dúró díẹ̀ sí i, ó sì padà wọlé. Kò pè mọ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún.

Ìpè yẹn kò fi mí sílẹ̀. Mo lọ́kọ sí Ìkẹ́nnẹ́, ó tẹ̀ lé mi lọ. Màá máa pọn omi, màá gbọ́ ọ. Ọjọ́ tí mo bí àkọ́bí mi, mo gbọ́ ọ. Bí mo bá wá sílé lọ́dún Iléyá, màá kúnlẹ̀ kí Ìyá Gàní, màá sì tètè sá. N kò lè wo ojú rẹ̀.

Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá yìí. Gàní ti lọ síbi iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ogijo. Ìyá náà nìkan ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Àtíbàbà ti lọ, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gba owó sórí fóònù ló wà níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Ìyá Sàláwà."

Ó yí orí wá sí ibi tí ohùn mi ti ń wá.

Ó ní, "Ta nìyẹn? Ta ló pe orúkọ mi?"

Mo ní èmi ni. Ó sunkún, èmi náà sunkún, ká tó wá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Wọ́n rò pé orí mi dàrú lọ́jọ́ náà. Orí mi ò dàrú. Mo mọ̀ pé tèmi ti lọ. Ìwọ ni mo ń pè. Mo ti ka àkàrà tìẹ sínú abọ́."

Lónìí, fọ́tò òkú wà lára ògiri, ó wà lórí fóònù, kódà ẹni tí kò bu omi fún un mu nígbà tó wà láyé ń gbé e káàkiri. Ó dára bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bó bá jẹ́ ọmọdé ló kú, mo ṣì ń rí i tí àwọn ènìyàn ń ṣẹ́jú síra wọn pé kí wọ́n má dárúkọ rẹ̀ lójú ìyá rẹ̀. Ẹ dárúkọ rẹ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí ìyá náà bá sunkún, ẹ bá a sun ún.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ìyá náà wú ikọ́, ó kọjú sí ojúde bí ẹni pé àtíbàbà ṣì wà níbẹ̀. "Sàláwà! Sàláwà ooo!"

"Mà!" Àwọn ọmọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yọjú wá wo ìyá arúgbó tó ń ké.

Ó na ọwọ́, ó ń wá mi kiri títí ó fi kan ọwọ́ mi. Ó ní, "O mà pẹ́ o. Àkàrà ti tutù."