Ọjọ́ Tí Mo Lọ Tọrọ Afárá ní Òkìtìpupa

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ lọ́jọ́ tí mo gbéra lọ sí Òkìtìpupa. Mo kírun àsùbáà, mi ò ka tẹ̀sùbáà mi tán tí mo fi gbé báàgì kọ́ èjìká, nítorí wọ́n ti sọ fún mi pé ẹni tó bá fẹ́ bá òṣìṣẹ́ ìjọba nídìí iṣẹ́, kó yáa tètè dé. Ẹ̀yin ará ilé wa tí ẹ wà ní Èkó àti Àkúrẹ́, ẹ ní kí n ròyìn ìrìn àjò náà fún yín. Ó dáa. Àmọ́ ẹ má retí kó yé yín ju bó ṣe yé èmi alára lọ.

Ẹ ṣáà rántí odò tó wà láàárín Òkè-Ọ̀pẹ, abúlé wa, àti ọ̀nà Igbotako. Afárá onípákó tí àwọn bàbá wa ṣe sórí ẹ̀ ti jẹrà. Ìtì igi méjì tó wà nísàlẹ̀ ló kù, pákó orí ẹ̀ ti já sómi lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a máa ń ká aṣọ sókè gba inú omi kọjá. Nígbà òjò ńkọ́? Ó parí nìyẹn, ẹni tó bá wà nílé, kó máa wà nílé. Òdìkejì odò yẹn sì ni ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí wà. Mùínátù, ìyàwó Ràsákì ọmọ mi, wà nínú oyún, oyún àkọ́kọ́ sì ni. Bí mo ṣe ka oṣù ẹ̀, inú òjò gan-an ló máa bọ́ sí. Ojú mi ti rí i rí kí wọ́n pọn aláboyún tó ń rọbí kọjá odò yẹn, kí omi máa mu ọkùnrin tó pọ̀n ọ́n dé àyà. Mi ò fẹ́ kí ojú mi rí i mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́.

Ìtìjú kan tún wà ńbẹ̀. Lọ́dún kan, àwọn ará Àyèká ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ wa kan, àfi gbìì nínú omi, tàwọn ti igbá oyin, tàwọn ti iṣu. Títí dòní, bí wọ́n bá rí ará Òkè-Ọ̀pẹ lọ́jà, wọ́n á ní, “Ẹ kú o, ẹ̀yin tí ẹ máa ń wẹ àna kẹ́ ẹ tó fún un lóúnjẹ.” Baálẹ̀ wa búra lọ́jọ́ náà pé àlejò kankan ò ní já sínú odò yẹn mọ́ níṣojú òun. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn.

A wá gbọ́ lórí rédíò pé káńsù fẹ́ fún àwọn abúlé lówó ìdàgbàsókè. Gíráǹtì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní owó ni, àmọ́ kì í ṣe gbèsè, ẹnikẹ́ni ò ní wá sìn ín. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ dà rú mọ́ mi lójú. Láti kékeré ni mo ti ń ta gàrí, mi ò sì rí owó tí wọ́n ń fúnni lásán rí. Àwọn ará abúlé ní èmi ni kí n lọ, torí mo lẹ́nu.

Mo mú bàtà lọ́wọ́, mo gorí ìtì igi, mo ń pe Bísímílláì títí mo fi dé òdìkejì. Ọlọ́kadà tó ń dúró dè mí gba ẹgbẹ̀rún kan náírà dé Igbotako. Kòtò ló pọ̀ ju ọ̀nà lọ níbẹ̀, gbogbo ìdí ló ń ro mí. Ní Igbotako, takisí kó wa bí àpò ẹ̀gẹ́, mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú. Dẹ́rẹ́bà wo ìró àti bùbá mi nínú dígí.

Ó ní, “Ìyá, ẹ mà múra o. Ìyàwó ni ẹ ń lọ bá wọn ṣe ni?”

“Káńsù ni mò ń lọ. Mo fẹ́ lọ tọrọ afárá.”

“Káńsù? Ṣé ẹ gbé ẹní dání? Torí ìjókòó ibẹ̀ máa ń pẹ́.”

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gidi ló ń sọ.

Lọ́dọ̀ tiwa, bí àlejò bá wọlé, a ó kí i, a ó fún un ní ìjókòó, a ó bu omi fún un, ká tó bi í pé kí ló dé. Ní káńsù, mo kúnlẹ̀ kí wọn, ẹnì kan ní, “Ẹ̀hẹ́n?” kò tilẹ̀ gbójú sókè. Mi ò bínú. Ìlú kì í tóbi kó má ní àṣà tiẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí mo wá bá ò sí lórí sítì. Mo wo sítì náà, mo rí kóòtù lórí ẹ̀. Mo bi wọ́n pé ṣé kóòtù nìkan ló wá síṣẹ́ ni. Wọ́n ní kí n jókòó. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé “kò sí lórí sítì” lè jẹ́ pé ó lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ó lọ sí Àbújá.

Nígbà tó yá, oníkóòtù dé. Obìnrin ará Èkìtì kan ni, òun ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè abúlé. Màdáámù ni gbogbo wọn ń pè é, ọmọlúàbí sì ni. Ó gba ìwé ìbéèrè wa, ó ní fọ́tò afárá dà? Mo fà á yọ, inú mi ń dùn. Lọ́jọ́ tí a ya fọ́tò yẹn, gbogbo abúlé ló wọ aṣọ Iléyá. Baálẹ̀ dúró láàárín nínú agbádá funfun, ó na apá méjèèjì.

Màdáámù wò ó títí. “Màmá, mi ò rí afárá níbí.”

“Ó wà lẹ́yìn Baálẹ̀.”

“Báwo la ṣe fẹ́ rí i?”

“Màdáámù, ṣé ẹ fẹ́ ká fi igi jíjẹrà ṣíwájú Baálẹ̀ ni?”

Ó bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín. Ó wá bi mí pé ṣé àwa fúnra wa ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí afárá náà. Mo ní rárá o, àwọn là ń retí. Ó ní, “Háà, kò rí bẹ́ẹ̀ o, Màmá. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Abúlé tó bá ti bẹ̀rẹ̀ là ń ràn lọ́wọ́.” Ó ní kí n lọ bá Ẹnjiníà lókè.

Mo gun àtẹ̀gùn, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹnjiníà yìí jẹ́ ọmọkùnrin gíga kan, ará Ọ̀yọ́, bóyá ni yóò ju Ràsákì lọ. Kí n tó jókòó ni mo ti ní, “Ọ̀gá, a ti bẹ̀rẹ̀!”

Ojú ẹ̀ yí padà. “Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kẹ̀? Màmá, mo gbọ́dọ̀ rí i bó ṣe bàjẹ́ ni. Bí ẹ bá ti fọwọ́ kàn án, kí ni màá kọ?”

“Áà! A ò tíì bẹ̀rẹ̀ o.”

“Èwo ni ká gbọ́ níbẹ̀?”

Ẹ gbà mí! Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Màdáámù, ó ní àfi ká bẹ̀rẹ̀. Mo tún gòkè lọ bá Ẹnjiníà, ó ní ká má fọwọ́ kàn án. Bóyá èmi ni mi ò gbọ́ wọn yé o, ṣùgbọ́n orí mi ti gbóná. Nígbà tí inú bí mi, èdè Ìkálẹ̀ tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu mi, ọmọ Ọ̀yọ́ yẹn kàn ń wò mí bọ̀ọ̀, kò gbọ́ ẹyọ kan. Òun náà sọ òyìnbó, mi ò gbọ́ tiẹ̀. A wá dọ́gba.

Mo ní kí ebi má tún kún un. Mo jáde lọ jẹ púpurú lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọ sí Èkó, ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀gẹ́ tí a rẹ, tí a yan lórí iná, tí a wá rò bí àmàlà ni púpurú. Ọbẹ̀ ewé marúgbó dúdú ni wọ́n fi gbé e fún mi, pẹ̀lú ẹja tútù kan. Ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀ náírà! Ẹja náà ò ju ọwọ́ mi lọ. Mo jẹ ẹ́ teegun-teegun, torí mo ti sanwó eegun.

Nígbà tí mo padà, Màdáámù àti Ẹnjiníà dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń fi òyìnbó fa ọ̀rọ̀ mi láàárín ara wọn. Mò ń wo ẹnu èyí, mò ń wo ẹnu ìyẹn. Ìgbẹ̀yìn ẹ̀, Ẹnjiníà yíjú sí mi, ó ní òun fẹ́ wá fojú ara òun rí i, pé ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà lòun máa bá mi lọ, kí n dúró kóun parí ohun tó wà lọ́wọ́ òun.

Ayọ̀ fẹ́ pa mí! Mo fóònù sí Baálẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

“Baálẹ̀, àlejò ń bá mi bọ̀ o! Láti káńsù. Ó fẹ́ wá wo afárá wa.”

“Àlejò? Lónìí?”

“Lónìí ni, kó tó di ìrọ̀lẹ́.”

“Kò burú. Ojú ò ní tì wá.”

Ìlà já. Mo rò pé adìẹ ló fẹ́ pa.

Ọkọ̀ káńsù ò sí nílé, a bá wọ takisí. Ẹnjiníà san tiẹ̀, ó tún fẹ́ san tèmi, mo kọ̀ ọ́. Kò béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí àwọn aláròyé yín má baà bẹ̀rẹ̀. Lójú ọ̀nà mo ṣàlàyé odò fún un dáadáa, mo sọ̀rọ̀ Mùínátù, mo sọ ti àwọn ará Àyèká. Nígbà tí ọlọ́kadà já wa sílẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti yà, mo ní, “Ẹnjiníà, ẹ bọ́ bàtà o. Ẹ ká ṣòkòtò dé orúnkún.” Ọmọ ọlọ́mọ bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó ká ṣòkòtò, a yí kọ̀rọ̀.

Afárá wà níbẹ̀. Ó tẹ́ lọ gbọọrọ, ó mọ́ tónítóní. Gbogbo Òkè-Ọ̀pẹ tò sí òdìkejì nínú aṣọ Iléyá, Baálẹ̀ wà níwájú nínú agbádá funfun.

Ó pariwo pé, “Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ máa bọ̀! Omi ò ní kàn yín lẹ́sẹ̀!”

Ẹnjiníà dúró pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́. “Màmá, ṣé ibí ni?”

“Mi ò mọ̀,” ni mo sọ. Òótọ́ ni, mi ò mọ̀ mọ́. Mo ronú kan Mùínátù, mo ronú kan òjò, mo bú sígbe.

“Baálẹ̀! Ta ló ní kẹ́ ẹ tún un ṣe?”

“Ṣebí ìwọ lo ní àlejò ń bọ̀?”

“Ẹ tú u! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u kíá!”

“Kí n tú afárá lójú àlejò? Ṣé kóun náà wẹ̀ bí ará Àyèká ni?”

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ẹnjiníà gun orí afárá, mo tẹ̀ lé e. Nígbà tó dé àárín, ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ó ní, “Màmá, kí ni ihò kọ́kọ́rọ́ ń ṣe lára afárá?”

Mo wo abẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ọ̀dà búlúù. Nọ́ńbà tí àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ àjẹsára fi ṣọ́ọ̀kì kọ sí i nìyẹn. Ibi tí Ràsákì ti fi ọ̀bẹ họ ọ́ nígbà tó wà lọ́mọdé nìyẹn. Yéè! Ilẹ̀kùn yàrá mi ni.

Ẹnjiníà gbójú sókè, ó wo abúlé. Gbogbo ẹnu ọ̀nà là sílẹ̀ gbayawu. Àwọn kan ti fi aṣọ bo tiwọn, àwọn kan ò fi nǹkan kan bò ó. Ti Baálẹ̀ ló tóbi jù, ilẹ̀kùn alápá méjì tó fi ń yangàn, òun ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ síbi tí àlejò máa fẹsẹ̀ kọ́kọ́ tẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì, ó dọ̀bálẹ̀ fún Baálẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò kíká, ó wá ń fi fóònù ẹ̀ ya àwọn ilé wa ní fọ́tò, láti orí ọ̀kan dé orí èkejì.

Ó ní, “Màmá, Màdáámù fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Èmi fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti bàjẹ́. Ó ti bàjẹ́. Àmọ́ kò síbi tí wọ́n ní kí n kọ ilẹ̀kùn sí.”

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ti dà rú mọ́ òun náà lójú. Ẹ dárí jì mí, ara tù mí díẹ̀. Ó jẹ adìẹ Baálẹ̀, ó ní òun máa kọ ohun tójú òun rí, ó lọ. Bàtà ẹ̀ ò kan omi.

Bó ṣe yí kọ̀rọ̀ tán, kálukú mú òòlù láti tú ilẹ̀kùn tiẹ̀. Mùínátù ti dé etí odò ṣáájú wa. Ó fọwọ́ ti ikùn, ó rìn lọ sí òdìkejì, ó yíjú padà, ó tún rìn bọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Aṣọ ẹ̀ gbẹ. Baálẹ̀ gbé òòlù tiẹ̀ sápò agbádá, ó kọrí sílé. Èmi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀kùn mi, mo dìde.

Òjò ti dé báyìí. A ò tíì gbọ́ láti káńsù, ẹ má bi mí bóyá wọ́n gbà tàbí wọn ò gbà, torí mi ò mọ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní “bẹ̀rẹ̀” níbẹ̀ ò yé mi di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó yé mi ni pé Mùínátù fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ gba orí odò lọ nígbà tí omi kún dé bèbè, ó sì gba ibẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin lẹ́yìn. Nítorí náà, bí ẹ bá ń bọ̀ wá wo ọmọ, ẹ má wá máa dúró kanlẹ̀kùn lẹ́nu ọ̀nà mi. Ẹ ti máa tẹ̀ ẹ́ kọjá kẹ́ ẹ tó dé ilé.